Ta Ni Yóò Wọlé? Ìtàn Ìfojúbù Máàkì, Láti Yaba Dé Ayọ̀bọ̀

Nígbà tí èsì JAMB, ìdánwò àṣewọlé fásitì, bá jáde, àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, tí wọ́n ti ń ṣe fótòkọ́pì, láti Mẹ́gídá títí dé ọ̀nà Alájà ní Ayọ̀bọ̀, kì í tètè tilẹ̀kùn. Ọmọ á dúró, ìyá á jókòó, ẹni tó ni kọ̀ǹpútà á fa bébà kan yọ lẹ́nu ẹ̀rọ. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni gbogbo ojú ń wá lórí bébà náà: ó lè jẹ́ 187, ó lè jẹ́ 214, ó lè jẹ́ 263. Ìyá kì í béèrè bóyá ọmọ gbọ́ físíìsì tàbí kò gbọ́ ọ. Ìbéèrè tirẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: “Ṣé èyí á gbé e wọlé?”

Ìbéèrè náà ti dàgbà ju JAMB lọ. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún tí àwọn òbí ní Èkó ti ń bi ara wọn, láti ìgbà tí Ayọ̀bọ̀ ṣì jẹ́ abúlé Àwórì tí oko yí ká. Ọ̀nà tí à ń gbà ṣe ìṣirò ìdáhùn rẹ̀ ló ń yí padà láti ìran dé ìran. Ohun tí kò yí padà rí ni pé iye àga tó wà nínú yàrá ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọpọlọ ọmọ ló ń tẹ̀lé e.

Yaba ni ìṣirò náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1934 ni wọ́n ṣí Yaba Higher College, nígbà tí Donald Cameron jẹ́ gómìnà, E. R. J. Hussey, ọ̀gá ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́, ló gbé ètò rẹ̀ kalẹ̀. Ọmọ tó bá ti ka ìwé mẹ́wàá tán, tó sì fẹ́ tẹ̀ síwájú láì wọ ọkọ̀ òkun, ibẹ̀ ló ń forí lé. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ náà kì í gba gbogbo ẹni tó bá yege. Àyè iṣẹ́ tó ṣófo lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n fi ń díwọ̀n iye ẹni tí wọ́n máa mú. Bí ẹ̀ka ìṣègùn bá ń wá igbákejì dókítà mélòó kan, iye yẹn ni yóò wọlé. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn wọn lórí ìwé èsì, ilé ló ń lọ, ì báà jẹ́ máàkì kan péré ló fi rẹ̀yìn. Bàbá tó bá fẹ́ mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ dúró nígbà náà, ọ̀dọ̀ akọ̀wé ìjọba ni ì bá lọ wádìí, kì í ṣe ọ̀dọ̀ tíṣà.

Ìwé ẹ̀rí Yaba kò sì níyì kọjá ẹnubodè Nàìjíríà. Ìbínú lórí irú ẹ̀kọ́ ààbọ̀ yìí ló kó Dókítà J. C. Vaughan, Ernest Ikoli, H. O. Davies àti Samuel Akinsanya, ẹni tó wá di Ọdẹ́mọ Ìṣarà, jọ ní 1934. Wọ́n dá Lagos Youth Movement sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó di Nigerian Youth Movement lọ́dún méjì lẹ́yìn náà. Ẹ ò rí i pé ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ mi òṣèlú Èkó tìtì, orí ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga ni wọ́n ti bí i.

Ẹni tí kò rí Yaba wọ̀, tàbí tí Yaba kò wù ú, lè gba Freetown lọ. Fourah Bay College ti wà níbẹ̀ láti 1827, Àjàyí Crowther sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Láti 1876 ló ti ń fúnni ní oyè fásitì Durham. Ọ̀nà kan tún wà, tí kò gba ọkọ̀ òkun rárá: èèyàn lè jókòó sínú ilé rẹ̀, kó máa fi àtùpà kàwé, kó wá ṣe ìdánwò fásitì London. Bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe gba oyè B.Com. nìyẹn ní 1944. Kò sí ẹni tó ń ka àga nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá yege, ó yege. Ẹni tó bá pàdánù, ó mọ̀ pé ìwé ni kò kà tó. A kò tíì tún rí irú ìdánilójú bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà yẹn wá.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1948, akẹ́kọ̀ọ́ 104 kó ẹrù kúrò ní Yaba lọ bẹ̀rẹ̀ University College ní Ìbàdàn, lábẹ́ àsíá London. Lẹ́yìn náà ni òmìnira dé, fásitì sì bẹ̀rẹ̀ sí í rú jáde: Nsukka ní 1960, Ifẹ̀, Èkó àti Zaria ní 1962. Fásitì Èkó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 131. Fásitì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 244, inú Ìbàdàn ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ ń kàwé kí wọ́n tó kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967. Ẹ ro àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn pọ̀. Èèyàn 479 ni. Ibùdó ìdánwò kan tó ní kọ̀ǹpútà 250, iye tí JAMB ń béèrè lónìí, lè dá gbogbo wọn wò láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán.

Ní gbogbo àkókò yẹn, fásitì kọ̀ọ̀kan ló ń ta fọ́ọ̀mù tirẹ̀, tó ń ṣe ìdánwò tirẹ̀, tó sì ń fi lẹ́tà tirẹ̀ ránṣẹ́. Ìfojúbù ìgbà náà kò le rárá: ra fọ́ọ̀mù púpọ̀ bí owó bá ṣe tó, kí o sì máa ṣọ́ póòsì ófíìsì. Ọmọ tó mọ̀wé dáadáa lè gba lẹ́tà Ìbàdàn, kó gba ti Ifẹ̀, kó tún gba ti Zaria mọ́ ọn. Ẹyọ kan ló máa lò. Àga méjì yòókù á wà lófìfo títí ọdún ẹ̀kọ́ á fi jìnnà, ọmọ mìíràn tó yẹ kó jókòó síbẹ̀ á sì ti padà sílé lọ máa kọ́ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó rí lẹ́tà mẹ́ta gbà máa ń sọ ìtàn yẹn tayọ̀tayọ̀ títí di òní. Ṣàṣà lẹni tó ń rántí ẹni tí lẹ́tà kejì àti ìkẹta tọ́ sí.

Nígbà tí ìjọba tún dá fásitì méje sílẹ̀ ní 1975, tí gbogbo wọn di mẹ́tàlá, rúdurùdu náà kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni lè mójú tó. Ìgbìmọ̀ kan jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lábẹ́ Michael Angulu. Nínú oṣù kejì ọdún 1978, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ fi òfin kejì ọdún náà gbé Joint Admissions and Matriculation Board dìde, Angulu sì di ọ̀gá àgbà rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìdánwò kan, fọ́ọ̀mù kan, lẹ́tà kan. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo orílẹ̀-èdè ti ń fi nọ́ńbà kan ṣoṣo bi ara rẹ̀ léèrè.

Ọmọ sì ti pọ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Awólọ́wọ̀ ti sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ tó wọlé lọ́jọ́ náà, àwọn àbúrò wọn àti àwọn ọmọ wọn ló ń ti ilẹ̀kùn fásitì. Ní 1976, ìjọba àpapọ̀ sọ tirẹ̀ náà di ọ̀fẹ́ káàkiri Nàìjíríà. Ní 1979, Lateef Jákàńdè gba ìjọba Èkó, ó fòpin sí kí ọmọ máa lọ sílé-ìwé ní òwúrọ̀ kí òmíràn sì máa lọ lọ́sàn-án, ó kọ́ yàrá ìkàwé kún ìlú fọ́fọ́. Àwọn kan fi àwọn yàrá náà ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé adìẹ ni, ṣùgbọ́n ọmọ ló jáde níbẹ̀, kì í ṣe ẹyin. Ní 1983, ìjọba rẹ̀ kan náà dá Lagos State University, LASU, sílẹ̀ ní Òjó. Yàrá ìkàwé kò gba ọdún púpọ̀ láti kọ́. Àga fásitì kì í yá bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ ti wọ inú ìṣirò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń pín àga àwọn fásitì rẹ̀. Bó ṣe wà lónìí, nínú àyè 100, 45 wà fún àwọn tí máàkì wọn ga jù, láì wo ibi tí wọ́n ti wá. Márùndínlógójì wà fún àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ tó yí fásitì náà ká. Ogún tó kù jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà sí pé ẹ̀kọ́ wọn ṣì ń rákò. Àwọn tó yí Fásitì Èkó ká nínú ìwé ìjọba ni Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì.

Ìwé yẹn ń ṣe ohun kan tó máa ń ya àwọn ará Ayọ̀bọ̀ lẹ́nu. Ìpínlẹ̀ tí bàbá ọmọ ti wá ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ibi tí ọmọ ń gbé. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ìpájà, tó dàgbà sí Ayọ̀bọ̀, tí kò sùn mọ́jú kọjá Ìyànà-Ìpájà rí, bí bàbá rẹ̀ bá jẹ́ ará Ẹdó, kò sí lára àwọn 35 yẹn ní Akọka, ọgbà Fásitì Èkó. Ọmọ Adó-Èkìtì tí kò fojú kan ọ̀sà rí wà níbẹ̀. Kódà láàárín àwọn tó wà níbẹ̀, máàkì tí wọ́n fi ń gba ọmọ Ògùn lè yàtọ̀ sí ti ọmọ Èkó nínú ẹ̀kọ́ kan náà, lọ́dún kan náà. Ayọ̀bọ̀ ló sì wà létí ààlà méjèèjì: bí ọ̀kadà bá gbé èèyàn kọjá díẹ̀, Ìtẹ̀lé nìyẹn, ìpínlẹ̀ Ògùn ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ yìí ti gorí tábìlì adájọ́. Ní 1988, ọmọbìnrin kan láti ìpínlẹ̀ Ògùn tó ń wá àyè ní ilé-ìwé girama ìjọba àpapọ̀ pe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ lẹ́jọ́, nítorí pé wọn kò pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò nígbà tí wọ́n pe àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ mìíràn tí máàkì wọn kéré sí tirẹ̀. Kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó parí ẹjọ́ náà ní 1996, ọdún mẹ́jọ ti lọ. Ọmọ tó ń wá kíláàsì kìn-ín-ní ti ju ẹni tó ń wá kíláàsì ìkẹyìn lọ.

Títí di bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, pẹ́ńsù HB ni ohun èlò ìdánwò náà. Ọmọ á kun àmì kékeré lórí bébà, ẹ̀rọ á kà á, èsì á sì dé lẹ́yìn tí ọkàn bá ti gbẹ. Wọ́n máa ń lẹ orúkọ àwọn tó wọlé mọ́ ara ògiri nínú ọgbà fásitì. Ẹni tó bá lọ wo orúkọ ní Akọka tàbí ní Òjó láyé ọjọ́un mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìka tọ ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí wọ́n á tún padà sókè, bóyá ojú ló fo orúkọ. Lẹ́yìn náà ni káàdì tí wọ́n ń họ dé, tí káfé sì gbòde.

Pẹ́ńsù náà ló bí òwò tó bá orúkọ JAMB jẹ́. Àwọn kan ń ta ìdáhùn kí ìdánwò tó dé. Àwọn ilé-ìwé kan di ibi tí gbogbo ayé ń pè ní “miracle centre”, níbi tí ọmọ tí kò lè ka ojú ìwé kan já ti ń gbé 290 jáde. Àwọn olùkọ́ fásitì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé nọ́ńbà tó wọlé sọ́dọ̀ àwọn kò bá orí tó gbé e wá mu. Ní 2005, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Chinwe Obaji, fún àwọn fásitì láyè láti tún ọmọ dán wò fúnra wọn. Post-UME lorúkọ rẹ̀ nígbà náà. Nígbà tí ìdánwò JAMB di UTME ní 2010, òun náà di post-UTME. Mínísítà mìíràn, Adamu Adamu, fòfin dè é ní 2016, àwọn fásitì wá ń fi póìǹtì díwọ̀n ọmọ lọ́nà tí kò yé tẹrútọmọ. Ní 2017, ó padà. Lójú ẹni tó ń fojú bu máàkì, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2005 ga ju gbogbo ìyókù lọ, nítorí láti ìgbà náà ni nọ́ńbà kan kò ti tó mọ́.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni Ayọ̀bọ̀ kúrò ní abúlé. Àwọn tí owó ilé lé kúrò ní Múṣin, Agége àti Sùúrùlérè ń wá ilẹ̀ tí ọwọ́ lè ká, wọ́n sì ń rí i lẹ́yìn Ìpájà. Ní 2003, nígbà tí ìjọba Èkó pín àwọn ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, Ayọ̀bọ̀-Ìpájà di ọ̀kan nínú mẹ́fà tó jáde lára Alimọ́ṣọ́. Nínú ètò ìkànìyàn 2006, èèyàn 1,277,714 ni àjọ tó ń ka èèyàn rí ní Alimọ́ṣọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní iye tí òun kà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó wù ká gbà nínú méjèèjì, kò sí fásitì kankan nínú gbogbo Alimọ́ṣọ́ nígbà náà. Ọmọ tó fẹ́ LASU á gba Ìgàndó lọ sí Òjó. Ẹni tó fẹ́ Akọka á la Òṣòdì kọjá.

Lẹ́sìn, ibi tí wọ́n ti ń múra ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò, ló wá gba àdúgbò. Yàrá kan, bẹ́ńṣì mẹ́jọ, pátákó funfun, àti pátákó ìta tí wọ́n kun máàkì àwọn ọmọ ọdún tó kọjá sí. Ẹni tó ń kọ́ wọn sábà máa ń jẹ́ ọmọ fásitì fúnra rẹ̀, tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. “Bùrọ̀dá” ni gbogbo ọmọ ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ pín sí méjì, ó sì dájú pé ìdá kejì ni àwọn òbí ń sanwó fún jù. Ìdá àkọ́kọ́ ni kẹ́mísírì. Ìdá kejì ni kó gbọ́ máàkì, kó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kó sì sọ pé: “Mà, medicine ò lè ṣeé ṣe pẹ̀lú èyí. Ẹ jẹ́ ká lọ fún microbiology.”

Kò ní idán kankan. Ìṣirò ló ń ṣe, ó sì yẹ kí gbogbo ilé mọ̀ ọ́n. Ní Fásitì Èkó, 100 ni àròpọ̀ gbogbo rẹ̀. Wọ́n á pín máàkì JAMB, tó jẹ́ 400, sí ọ̀nà mẹ́jọ, kó di 50. Post-UTME gba 30. Èsì WAEC tàbí NECO, ìdánwò àṣekágbá ilé-ìwé girama, nínú ẹ̀kọ́ márùn-ún tó kan ohun tí ọmọ fẹ́ kà gba 20: A1 jẹ́ 4, B2 jẹ́ 3.6, B3 jẹ́ 3.2, C4 jẹ́ 2.8, C5 jẹ́ 2.4, C6 jẹ́ 2. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ kan tó gba 280 nínú JAMB, tó fẹ́ ṣe dókítà. Gbogbo ilé ti ń jó. Pín in sí mẹ́jọ: 35. Ó ní A1 nínú ìṣirò, B2 nínú físíìsì, B3 nínú gẹ̀ẹ́sì àti kẹ́mísírì, C4 nínú bàọ́lọ́jì. Ìyẹn jẹ́ 16.8. Ó ti di 51.8. Láti bí ọdún mélòó kan wá, máàkì tí wọ́n fi ń wọ ẹ̀kọ́ ìṣègùn níbẹ̀ láì wo ìpínlẹ̀ ń kọjá 80. Ọmọ yìí gbọ́dọ̀ gba ohun tó lé ní 28 nínú 30 ní post-UTME kó tó lè kan 80 lásán. Bí gbogbo márùn-ún bá jẹ́ A1, 25 ni ì bá máa wá.

Ẹ padà wo C4 bàọ́lọ́jì yẹn. Láàárín 60 àti 64 ni WAEC ń fún ní C4, 75 ni A1 ti ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí èsì WAEC jáde, wọ́n ṣe àríyá nítorí ó ní krẹ́díìtì nínú gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé 1.2 tó sọ nù sínú bàọ́lọ́jì tó ìbéèrè mẹ́rin sí márùn-ún nínú JAMB, tó ní ìbéèrè 180.

Bí ọmọ kan náà bá mú máàkì yẹn lọ sí Ilé-Ifẹ̀, ìṣirò yí padà: JAMB ṣì jẹ́ 50, ṣùgbọ́n post-UTME gba 40, èsì WAEC kò ju 10 lọ. Bó bá gba Ìbàdàn lọ, ìlàjì JAMB, ìlàjì post-UTME. Wọn kì í ka A mọ́ C lọ́wọ́ níbẹ̀, kó sáà ti jẹ́ krẹ́díìtì. Nítorí náà, ọmọ tí WAEC rẹ̀ rí gbágungbàgun ṣùgbọ́n tó lè sáré nínú ìdánwò, Ìbàdàn tọ́ sí i ju Akọka lọ. Àwọn Bùrọ̀dá Ayọ̀bọ̀ mọ èyí dáadáa. Àwọn òbí ni kì í fẹ́ gbọ́ ọ, nítorí Akọka ni wọ́n ti sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí.

Ohun tó ń da orí àwọn òbí rú jù ni kọ́tọ́ọ̀fù tí JAMB ń kéde lọ́dọọdún. Ní 2025, wọ́n ní 150 ni fásitì. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ gba 168 gbọ́ ọ lórí rédíò, ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n 150 kò ju ilẹ̀kùn gbàgede lọ: fásitì kò gbọdọ̀ gbà lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní kó má gbà kọjá rẹ̀. Fásitì Èkó kì í jẹ́ kí ẹni tí kò bá pé 200 ṣe post-UTME rẹ̀ rárá, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ òun ni ọmọ náà kọ ṣáájú. Ta ló sì ń gba 200? Nínú èsì 1,842,464 tí JAMB kọ́kọ́ gbé jáde ní 2024, èèyàn 439,974 ló gba 200 sókè. Mẹ́ta nínú mẹ́rin kò dé ibẹ̀. Àwọn tó kan 300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ 8,401. Nínú 200 ọmọ, ó fẹ́ẹ̀ má pé ẹnì kan.

Nígbà mìíràn, nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ ló ń parọ́. Láti 2015 ni gbogbo ìdánwò JAMB ti bọ́ sórí kọ̀ǹpútà, tí pẹ́ńsù sì di ohun àná. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, èsì jáde, Èkó sì kún fún ẹkún: àwọn ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò rò bẹ́ẹ̀ sí ń rí 140, 150. Wọ́n bá wọn wí nílé. Àwọn òbí kan ti ń wá pólì. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, ní ọjọ́ 14 oṣù náà, ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, jáde síwájú àwọn oníròyìn, ó ní àṣìṣe ti ọ̀dọ̀ àwọn wá, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Wọn kò ṣe àtúnṣe tó yẹ sórí ẹ̀rọ tó ń gba ìdáhùn ní àwọn ibùdó kan. Ọmọ 379,997 ló kàn, ní ibùdó 157. 65 nínú àwọn ibùdó náà wà ní agbègbè Èkó, pẹ̀lú ọmọ 206,610, ìyókù wà ní ìlà oòrùn gúúsù. Ọjọ́ kẹrìndínlógún ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Ìfojúbù tí wọ́n ti ṣe láàárín ọjọ́ mélòó kan yẹn, ibi tí wọ́n gbé e kà kò sí mọ́.

Fásitì wá dé Ayọ̀bọ̀ níkẹyìn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ìjọba àpapọ̀ fún ìjọ Deeper Life ní ìwé àṣẹ Anchor University, ọgbà rẹ̀ sì wà lójú ọ̀nà Ayọ̀bọ̀. Pásítọ̀ W. F. Kumuyi, tó dá ìjọ náà sílẹ̀, olùkọ́ ìṣirò ní Fásitì Èkó ni nígbà tí ìjọ náà bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì ní 1973. Ọgbà tí onímọ̀ ìṣirò bá dá sílẹ̀ kò ṣàjèjì sí máàkì. Ṣùgbọ́n àga tó wà níbẹ̀ ní ìṣirò tirẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti fún Igbinedion, Babcock àti Madonna ní ìwé àṣẹ ní 1999, fásitì aládàáni ti lé ní ọgọ́rùn-ún ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń wá ọmọ ju bí ọmọ ṣe ń wá wọn lọ. Ẹni tó gba 190, tí Akọka kò ní ṣílẹ̀kùn fún, lè wọ irú ọgbà bẹ́ẹ̀ láì làágùn, bí owó bá wà. Bàbá tó ń wa dánfó láti Ayọ̀bọ̀ sí Ìyànà-Ìpájà ń kọjá lójú ọ̀nà ọgbà náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó mọ ìṣirò tirẹ̀, kò dúró de kọ́tọ́ọ̀fù.

Láti 2017, orí CAPS, ìlànà JAMB lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni gbogbo ìgbàwọlé ti ń ṣẹlẹ̀, ti ìjọba àti ti aládàáni. Kò sí ògiri tí wọ́n ń lẹ orúkọ mọ́ mọ́. Ọmọ á wọlé síbẹ̀, á rí i bí wọ́n bá ti fún un láyè, á sì tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà tàbí òun kọ̀. Bí kò bá tẹ nǹkan kan, wọ́n lè kà á sí pé kò fẹ́. Kí ó tó dé ibẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti lọ sí ibùdó ìdánwò orí kọ̀ǹpútà (CBT) tàbí ọ́fíìsì JAMB lọ gbé èsì WAEC tàbí NECO rẹ̀ sórí rẹ̀, pàápàá ẹni tó kọ “awaiting result” nígbà tó ń ra fọ́ọ̀mù. Ẹ bi ọmọ yín léèrè lálẹ́ òní bóyá ó ti ṣe é. Èsì tí kò bá sí lórí CAPS, fásitì kankan kò lè rí i, bí A1 mẹ́sàn-án tilẹ̀ ni.